Ìbéèrè Ṣáájú Ìdáhùn: Ìtàn Bí A Ti Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Girama ní Kẹ́místrì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kan gbogbo òbí tí ó ní ọmọ ní ilé-ìwé girama. Ọmọ a máa lọ, a máa bọ̀. A máa da ẹ̀kọ́ kẹ́místrì kọ láti ara pátákó sínú ìwé rẹ̀. A sì máa há a sórí bí ẹni ń ki oríkì. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò bá dé, bí ẹni tí ń dán an wò bá yí ìbéèrè padà díẹ̀ péré, gbogbo ohun tí ó há sórí a fọ́n ká. Ta li ó jẹ̀bi? Àwọn kan a máa wí pé ẹ̀kọ́ náà li ó le jù, àwọn mìíràn a ní orí ọmọ náà kò pé tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ li ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, ọ̀nà náà sì ní ìtàn tí ó gùn.

Ní ìparí ọdún 1805 obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jane Marcet li orúkọ rẹ̀, gbé ìwé kan jáde tí ó pè ní Conversations on Chemistry. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i nígbà náà. Ìyá yìí ti lọ gbọ́ àsọyé Humphry Davy ní Royal Institution. Ohun tí ó rí níbẹ̀ dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àdánwò kan kò tíì yé e tán tí òmíràn fi dé. Ìgbà tí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó, tí wọ́n jọ ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, li ojú rẹ̀ tó là sí i. Nítorí náà li ó ṣe kọ ìwé rẹ̀ bí ìjíròrò láàrin olùkọ́ obìnrin kan àti ọmọbìnrin méjì, Emily àti Caroline. Caroline kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ kíákíá. A máa jiyàn, a máa béèrè. Ní tèmi, Caroline yìí gan-an li ó mú kí ìwé náà wúlò, nítorí ohun tí ọmọ tí ń kàwé fẹ́ béèrè li ó ń bá a béèrè.

Láàrin àwọn tí ìwé náà bọ́ sí lọ́wọ́ ni ọmọ alágbẹ̀dẹ kan tí ń kọ́ṣẹ́ ìwé dídì ní Lọ́ńdọ̀nù, Michael Faraday. Ìwọ̀nba díẹ̀ li ó lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá gbé wá fún dídì, a máa kà á. Kò kàn gba ohun tí Ìyá Marcet kọ gbọ́. Ó dán an wò ní ìwọ̀n bí agbára rẹ̀ ti mọ, ó sì rí i pé òtítọ́ ni. Ní 1813 Davy gbà á gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, láti ibẹ̀ li ó sì ti di ọ̀kan nínú àwọn àgbà jùlọ nínú ìmọ̀ yìí. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn tán, a máa fi ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí Ìyá Marcet láti fi dúpẹ́.

Ní 1825 Royal Institution bẹ̀rẹ̀ àsọyé ọdọọdún fún àwọn ọ̀dọ́ ní àsìkò Kérésìmesì, ìgbà 19 sì ni Faraday fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni àsọyé mẹ́fà tí ó fi àbẹ́là kan ṣoṣo ṣe kókó, tí ó sọ ní 1848, tí ó sì tún sọ ní 1860. Gbogbo ọmọ tí ó wà níbẹ̀ li ó ti mọ àbẹ́là láti kékeré, kò sì sí èyí tí ó ti bi ara rẹ̀ léèrè bí ó ti ń jó. Faraday pa iná àbẹ́là jẹ́jẹ́, ó fi iná mìíràn kan èéfín tí ń lọ sókè, iná náà sì fò padà sí orí òwú láìfi ọwọ́ kàn án: èyí fi hàn pé ohun tí ń jó ti di ooru kí ó tó gbiná. Ó gbé ohun èlò tútù sókè iná náà, omi sì ṣẹ̀ sí i lára. Omi láti inú iná! Ó tún fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí ń ti ara àbẹ́là tí ń jó jáde a máa sọ omi láìmù tí ó mọ́ kedere di funfun bí wàrà, àti pé èémí tí ń ti ẹnu wa jáde a máa ṣe bákan náà. Báyìí li ó ṣe mú wọn ti ara àbẹ́là dé inú àyà ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó wo àgbà ní ìdí iṣẹ́, kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ní ìlú Giessen ní Jámánì li a ti rí ẹni tí ó sọ èyí di ètò. Láti 1824, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 21, Justus von Liebig mú kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àdánwò nínú yàrá iṣẹ́, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń pè ní láàbù. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbé àṣà náà kiri; ọ̀kan nínú wọn, Hofmann, gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1845. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti dàgbà ni gbogbo ìwọ̀nyí ń kọ́. A kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ẹni tí ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni Henry Edward Armstrong, tí a bí ní 1848, tí ó sì kú ní 1937. Ilé-ẹ̀kọ́ Hofmann li ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kọjá lọ sí Leipzig. Nígbà tí ó di olùkọ́, ohun tí ó ń bà á nínú jẹ́ ni pé a ń fi ọ̀rọ̀ kún orí àwọn ọmọ kí wọ́n tó rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Ó là á sílẹ̀ nínú ìwé tí ẹgbẹ́ British Association tẹ̀ jáde ní 1889 àti 1890 pé kí a fi ọmọ sí ipò ẹni tí ń wá nǹkan rí. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí "láti rí" li a ti fún ọ̀nà rẹ̀ ní orúkọ: heuristic.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí irin, nítorí ibẹ̀ li agbára ọ̀nà náà hàn sí jù. Gbogbo wa li a mọ̀ pé ìpáàrà a máa jẹ irin. Bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Àwa nìkan kọ́ sì li a ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí nǹkan bá sì ń jẹ, dandan ni kí ó dínkù, kí ó sì fúyẹ́. Olùkọ́ kò ní tako ọmọ tí ó bá rò bẹ́ẹ̀. Yóò fún un ní òṣùwọ̀n. Ọmọ a wọn lẹ́búlẹ́bú irin, a fi omi rin ín, a jẹ́ kí ó dípẹtà, a yan án gbẹ, a sì tún un wọ̀n. Ó wúwo jù ti àtẹ̀yìnwá lọ! Ìpáàrà kò jẹ irin. Nǹkan li ó wá kún un. Níbo ni nǹkan náà ti wá? Ìbéèrè yìí ti inú ọmọ fúnra rẹ̀ jáde, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sára pátákó fún un. Nígbà náà li a ó so irin tútù náà rọ̀ sínú ìgò tí a dojú rẹ̀ dé sínú omi. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan omi yóò ti gòkè nínú ìgò náà, títí yóò fi gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àyè tí afẹ́fẹ́ wà, kò sì ní gòkè mọ́. Bí a bá ti àbẹ́là tí ń jó bọ inú afẹ́fẹ́ tí ó kù, a kú. Kí a tó dárúkọ ọ́síjìn fún ọmọ náà, ó ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ilé-ìwé Christ's Hospital ṣí lọ sí Horsham ní 1902, Armstrong wà nínú àwọn alábòójútó rẹ̀, a sì kọ́ àwọn yàrá iṣẹ́ sí ibẹ̀ fún ọ̀nà yìí. Ó tún kó àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní 1903. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà náà ti ń tàn kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ li ó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní sùúrù Armstrong. Ọmọ a wọn nǹkan, a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, a tún wọn òmíràn, láìsí ìbéèrè kankan lọ́kàn rẹ̀. Ọdún a sì parí láìjẹ́ pé a tíì kọ́ ìdajì ẹ̀kọ́. Ní 1918 ìgbìmọ̀ tí J. J. Thomson jẹ́ alága rẹ̀ wí pé àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń lò nínú yàrá iṣẹ́ pọ̀ ju èrè tí ń ti ibẹ̀ wá lọ. Ẹ̀sùn yìí kò ṣeé dá dànù.

Ohun mìíràn tún wà, tí ó yà mí lẹ́nu púpọ̀ nínú ìtàn ọkùnrin yìí. Ní 1913 W. L. Bragg ti fi ìtànṣán X-ray fi hàn bí àwọn èérún inú iyọ̀ ti tò: sódíọ̀mù kan, klorínì kan, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn bí ihò funfun àti dúdú lára pátákó ìtayò. Armstrong kọ̀ jálẹ̀. Ní 1927, nígbà tí ó ti di arúgbó, ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Nature láti fi èrò náà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ láti gba ohun tí àdánwò bá wí, kò gba èyí. Èmi rò pé a lè rí ìdí kan fún un: ọwọ́ àti òṣùwọ̀n kò lè mú ọmọ dé ibi tí àwọn èérún náà wà. Kò sí ọmọ tí yóò fi lẹ́búlẹ́bú irin wá wọn rí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó jiyàn bíi Caroline.

Àwọn tí ó wá lẹ́yìn gbìyànjú láti so ohun méjèèjì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ètò CHEM Study, tí Glenn Seaborg jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò Nuffield bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ohun tí ó tan ìmọ́lẹ̀ jù ni ohun tí àwọn olùwádìí gbọ́ nígbà tí wọ́n dákẹ́ tí wọ́n sì fetí sí àwọn ọmọ. Ní 1983 Osborne àti Cosgrove ní New Zealand ròyìn ohun tí wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè pé, kí ni ó wà nínú àwọn róbótó tí ń ru sókè nígbà tí omi bá ń hó? Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ni. Àwọn tí ó ti kọ́ kẹ́místrì nínú wọn ní háídrójìn àti ọ́síjìn ni. Omi náà ni, tí ó ti di ooru. Ẹ kíyèsí i: ẹ̀kọ́ ti fún wọn ní orúkọ, kò sì fún wọn ní òye. Ọdún kan ṣáájú èyí, Alex Johnstone ní Glasgow ti ṣàlàyé pé ibi mẹ́ta ni olùkọ́ kẹ́místrì ń dúró sí láti sọ̀rọ̀: ohun tí ojú rí, èérún tí ojú kò rí, àti àmì tí a ń kọ sára pátákó, a sì máa fò láti ibì kan sí òmíràn láìsọ fún ọmọ. Ó ti mọ́ olùkọ́ lára. Ọmọ li ó ń sọnù sí ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ wa, láti 1957 ni àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀dùn ọkàn tí mo ń gbọ́ jù ni pé kò sí ohun èlò. Òtítọ́ ni, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n ìkaraun ìgbín tí a gún kúnná, tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, yóò hó, irú afẹ́fẹ́ tí Faraday fi han àwọn ọmọ ni yóò sì jáde. (Kí olùkọ́ má ṣe gbẹ́kẹ̀lé ṣọ́ọ̀kì pátákó fún èyí, nítorí púpọ̀ nínú èyí tí à ń tà kì í ṣe irú òkúta kan náà.) Àwọn ìyá aláró wa ti ń sẹ́ omi gba inú eérú kọjá láti fi ṣe èlú, tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé kẹ́místrì kan sí ọwọ́ wa. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ ti inú ìkòkò aró jáde, àwọ̀ rẹ̀ a jọ ti ewé. Bí a bá sá a sínú afẹ́fẹ́, ojú ẹni ni yóò ṣe di aró. Ọ́síjìn tí ó mú kí irin wúwo ni ó ń ṣe é. Kí olùkọ́ gbé ìkòkò kékeré kan wá láti ọ̀dọ̀ ìyá aláró. Kí ó ti àkísà kan bọ̀ ọ́, kí ó sá a síta. Kí ó ti èkejì bọ̀ ọ́, kí ó sì tètè kì í bọ inú ìgò tí ó kún fún omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, kí ó dé e pinpin. Kí ó wá bi àwọn ọmọ, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé: èwo ni yóò kọ́kọ́ dúdú, èésìtiṣe?