Irin Kan Kọ́ ni Gbogbo Irin

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ìtàn bí irin ṣe gba ipò igi àti òkúta nínú iṣẹ́ ìkọ́lé yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ru gbogbo ẹrù. Irin ni afárá Coalbrookdale tí wọ́n gbé ró lórí odò Severn ní 1779. Irin ló ṣẹ́ lábẹ́ reluwé ní Chester ní 1847. Irin náà ni ilé-ìṣọ́ Eiffel tí wọ́n parí ní Paris ní 1889. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irin wọ̀nyí ló jẹ́ ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ àárín wọn gan-an sì ni ìtàn tí à ń wá.

Ẹ wo ti Chester. Orí ìtì irin tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì dà kó tó gan, ni onímọ̀-ẹ̀rọ Robert Stephenson gbé ojú irin gbà sọdá odò Dee. Irú irin yìí lágbára púpọ̀ bí ẹrù bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dára fún òpó. Bí nǹkan bá ń fà á, kì í nà, kì í tẹ̀, ṣíṣẹ́ ló máa ń ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìtì tó dábùú, tí ẹrù wà lórí rẹ̀, òkè rẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ló ń fà. Stephenson tiẹ̀ fi ọ̀pá irin mìíràn, èyí tí wọ́n lù nínú iná tó sì lè gba fífà, ràn án lọ́wọ́. Kò gbà á. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1847, ìtì kan ṣẹ́, ènìyàn márùn-ún sì kú. Bí a bá pe méjèèjì ní irin lásán, òǹkàwé kò ní mọ ohun tó pa wọ́n.

Àbá mi ni pé ká pe èyí tí wọ́n dà ní irin dídà, ká sì pe èyí tí wọ́n lù ní irin rírọ. Ẹnìkan lè ní dídà yóò jọ ohun tó ṣì ń ṣàn. Rárá o: ère dídà inú Bíbélì ti gan tipẹ́, irin yíyọ́ la sì ń pe èyí tó ń ṣàn. Ẹlòmíràn lè ní alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ kò jọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ afárá Coalbrookdale fúnra wọn so irin pọ̀ bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń so igi, ẹnu ọ̀kan nínú ihò èkejì. Iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ tuntun.

N kò ní ká lé ọ̀rọ̀ àyálò jáde. Sìmẹ́ǹtì tí Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1824 dé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, gbogbo bíríkìlà ló sì mọ̀ ọ́n. Ti irin yàtọ̀, nítorí a ti ń yọ́ ọ, a ti ń rọ ọ́ kí reluwé tó dé. Ibi tí mo ti dúró díẹ̀ ni sítíìlì. Àwọn kan ń pè é ní irin líle, èyí kò tọ̀nà, torí irin dídà náà le, síbẹ̀ ó ń ṣẹ́. Títí a ó fi rí ọ̀rọ̀ tó gbé iṣẹ́ Bessemer ní 1856, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú irin yíyọ́ kí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ lè jó dànù, kó sì di sítíìlì, sítíìlì náà ni n ó máa kọ.