Ọjọ́ Ojú-Àwòrán àti Ọjọ́ Abẹ́nú

Ẹni tó bá gbé kásẹ́ẹ̀tì ìkómọ tàbí ìgbéyàwó àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ onífídíò ní Mayfair, nílùú Ilé-Ifẹ̀, pé kó bá òun kọ́pì rẹ̀ sórí fóònù, lè fi kún un pé: “Ẹ jẹ́ kí déètì rẹ̀ hàn o.” Ọ̀rọ̀ náà yéni, àmọ́ nǹkan méjì tí kò jọra rárá ló wà nínú “déètì” yẹn. Nítorí pé a kò ní orúkọ tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀kan nínú wọn máa ń sọnù láìjẹ́ pé oníkásẹ́ẹ̀tì fura.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà lójú àwòrán. Lára kámẹ́rà VHS àti Video8 tí aráyé ń lò kí MiniDV tó jáde ní 1995, bọ́tìnì kan wà fún déètì. Bí ayàwòrán bá ti tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà yóò wọnú àwòrán fúnra rẹ̀, yóò sì di ilà ojú: kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, asán ni ká máa wá a nínú téèpù lónìí. Mo dábàá kí á máa pe èyí ní ọjọ́ ojú-àwòrán.

Ìkejì ló fara pamọ́. MiniDV kì í dúró de bọ́tìnì. Ní ìlànà PAL tí a ń lò ní Nàìjíríà, àwòrán 25 ló ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń kọ ọjọ́ àti aago mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ní àyè ọ̀tọ̀ lórí téèpù. Bí wọ́n bá fi wáyà FireWire gbé fídíò náà wọnú kọ̀ǹpútà, déètì yóò bá a wọlé. Bó bá jẹ́ wáyà olórí mẹ́ta, yẹ́lò, pupa àti funfun, àwòrán àti ohùn nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Kódà èyí tó bá wọlé lè ṣègbé nígbà tí wọ́n bá sọ fáìlì náà, tí wákàtí kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 13, di MP4 kékeré fún fóònù. A lè pè é ní “ọjọ́ inú-téèpù”, àmọ́ kámẹ́rà AVCHD tó dé ní 2006 ń ṣe bákan náà lórí káàdì, níbi tí kò ti sí téèpù kankan. Ọjọ́ abẹ́nú ló bá a mu jù.

Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ń fẹ́ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà lè yọ ọjọ́ abẹ́nú jáde sínú fáìlì kékeré kan, SRT, tí yóò máa hàn nísàlẹ̀ bí ìtumọ̀ tó máa ń wà lábẹ́ fíìmù Yorùbá, tí a sì lè pa mọ́ nígbà tó bá wù wá. Fífi ọjọ́ hàn nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ara àwòrán, wọ́n ti tẹ ọjọ́ mọ́ ọn nìyẹn, kò tún ṣe é yọ mọ́. Èmi ò ní fọwọ́ sí títẹ̀ mọ́ lórí ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ìdílé ní. Nọ́ńbà mìíràn tún wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, tí àwọn kan ń rò pé aago ni. Òǹkà téèpù nìyẹn, kò mọ ọjọ́ kankan.

Iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ tuntun báyìí kò ṣàjèjì ní Ifẹ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ní St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kékeré lè dì mú ni wọ́n ní láti wá. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, àmọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló gbájú mọ́, kò dé ṣọ́ọ̀bù onífídíò. Níbẹ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ lè pariwo ọ̀rọ̀ náà láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀, kí ọmọṣẹ́ sì tẹ bọ́tìnì tó yẹ. Ìdí nìyí tí n kò fi ní fọwọ́ kan kámẹ́rà, fídíò àti téèpù: wọ́n ti di tiwa.

Ẹ tún wo 03/04/2003. Lẹ́nu Yorùbá, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni, ọjọ́ ló ń ṣíwájú. Kámẹ́rà tí wọ́n tò sí ìlànà Amẹ́ríkà ń wí pé ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Níwọ̀n bí SRT ti jẹ́ lẹ́tà lásán, ẹ kọ orúkọ oṣù síbẹ̀: 3 Igbe 2003.

Bátìrì kékeré tó ń mú aago kámẹ́rà rìn sì lè ti kú, kí gbogbo òde ọdún náà wá di ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ. Nígbà náà, ìdílé ló máa sọ ọjọ́ rẹ̀: ìyá ìkókó lè rántí pé ọ̀sẹ̀ ọdún Ọlọ́jọ́ ni. Ọjọ́ àfẹnusọ ni kí á pe èyí. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò, kí ẹ sì fi kún un pé ìyá ọmọ ló sọ ọ́, kí ọmọ-ọmọ má baà rò pé kámẹ́rà ló jẹ́rìí sí i.