Yíyan Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ọ̀ràn Òdodo: Ìtàn Àgbègbè New Kent, 1965 sí 1968

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ìbéèrè kan wà tí kì í tán nílẹ̀: ta ni ó yẹ kí ó pinnu ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò lọ? Àwọn kan ní kí ìjọba pín àwọn ọmọ bí ó ti tọ́. Àwọn mìíràn ní kí a fi yíyàn sí ọwọ́ òbí, nítorí pé òbí ni ó mọ ohun tí ó dára fún ọmọ rẹ̀. Èrò kejì yìí dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ìtàn àgbègbè kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn wá pé yíyàn lè wà kí òdodo má sì sí níbẹ̀ rárá.

Òfin ìpilẹ̀ Virginia ti ọdún 1902 ni ó pa á láṣẹ pé ọmọ aláwọ̀ funfun àti ọmọ aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1954, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá a lẹ́jọ́, nínú ẹjọ́ Brown, pé irú ìyapa bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin ìpilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Àwọn aláṣẹ Virginia kọ̀ jálẹ̀. Ní àgbègbè Prince Edward, wọ́n ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pa láti ọdún 1959 títí di ọdún 1964, kí àwọn ọmọ má baà jókòó pọ̀.

Ní New Kent, àwọn ènìyàn tí ń gbé àgbègbè náà kò ju nǹkan bí 4,500 lọ, nǹkan bí ìdajì wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì péré ni wọ́n ní: New Kent ní ìhà ìlà-oòrùn, tí ó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun, àti George W. Watkins ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Kò sí àdúgbò tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan. Káàkiri àgbègbè náà ni tọ̀tún-tòsì wọn ń gbé. Síbẹ̀, bọ́ọ̀sì 21 ni ó ń gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá, 11 ń kó ọmọ lọ sí Watkins, 10 ń kó ọmọ lọ sí New Kent.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1965, àwọn òbí aláwọ̀ dúdú pe ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ àgbègbè náà lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, kí owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìgbìmọ̀ náà gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní òmìnira yíyàn. Ọmọ tí ń wọ kíláàsì kìn-ín-ní tàbí ìkẹjọ gbọ́dọ̀ yan ilé-ẹ̀kọ́ kan. Àwọn yòókù lè yàn lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá yàn yóò padà sí ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Kí ni èso ètò yìí? Ní ọdún 1965, ọmọ aláwọ̀ dúdú 35 ni ó lọ sí New Kent. Ní ọdún 1966, wọ́n di 111. Ní ọdún 1967, 115. Nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó tó 740, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà ní Watkins. Láàárín ọdún mẹ́ta náà, kò sí ọmọ aláwọ̀ funfun kan ṣoṣo tí ó yan Watkins.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òbí aláwọ̀ dúdú kò fẹ́ ohun rere fún ọmọ wọn. Ní ọdún 1967, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ aráàlú ṣe ìwádìí irú ètò yìí ní gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ẹ̀rù ẹ̀san ń ba àwọn òbí, pé àwọn aláṣẹ mìíràn ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó sí ibi tí wọ́n wà, àti pé ojú ń ti ọmọ tálákà tí kò ní aṣọ àti bàtà tí ó yẹ láti lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó dúró síbi tí ó wà kò ná ohunkóhun. Ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò ni yóò forí fá gbogbo ewu. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn aláwọ̀ funfun kò sì mira, ejìká aláwọ̀ dúdú nìkan ni ẹrù àtúnṣe wà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, nínú ẹjọ́ Green, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ohùn kan dá ètò náà nù. Adájọ́ William Brennan ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé yíyàn jẹ́ èèwọ̀ níbi gbogbo. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìgbìmọ̀ tí ó dá ìyapa sílẹ̀ ni ó ní ojúṣe láti tú u ká. Kò gbọdọ̀ di ẹrù yìí lé àwọn ọmọ àti òbí wọn lórí, ètò tí yóò sì ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ mú wá. Wọ́n tọ́ka sí ọ̀nà méjì tí kò le: kí a pín àgbègbè náà sí méjì, tàbí kí ilé-ẹ̀kọ́ kan gba gbogbo ọmọ kéékèèké, kí èkejì gba àwọn àgbà wọn. Ọ̀nà kejì yìí ni New Kent tọ̀ nígbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní ìlú Seattle, níbi tí àwọn ọmọ ti lè yan ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó wù wọ́n nígbà kan rí, àwọn aláṣẹ máa ń wo ẹ̀yà ọmọ nígbà náà bí àwọn tí ó yan ilé-ẹ̀kọ́ kan bá pọ̀ ju àyè lọ. Ní ọdún 2007, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní èyí lòdì sí òfin. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣòro fún àwọn aláṣẹ láti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tún ohun tí yíyàn bá bàjẹ́ ṣe.

Ní ìparí ọ̀rọ̀ wa, kì í ṣe ohun tí a ń sọ ni pé kí a gba yíyàn lọ́wọ́ òbí. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí a bá ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni yíyàn yóò ná olúkúlùkù? Níbo ni ẹni tí kò yàn yóò bá ara rẹ̀? Ta ni yóò sì ru ẹrù àtúnṣe? Àwọn kan a máa sọ pé ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní New Kent, òfin ènìyàn ni ó gé ìka kan kúrú, àwọn tí ó sì gé e ni wọ́n tún ń sọ fún un pé kí ó yan bí yóò ti gùn tó.