Bí Átọ́ọ̀mù Ṣe Tò Lójú Sílíkọ́nì

Púpọ̀ nínú àlàyé tí à ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa sílíkọ́nì kò ka ojú rẹ̀ sí. A ó ní àwọn átọ́ọ̀mù tò lọ rẹrẹ láìlópin, a ó ní àlàfo agbára tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè gbà jẹ́ nǹkan bí 1.12 eV, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí átọ́ọ̀mù ṣe tò lójú kírísítálì lágbára lórí ìwà iná nínú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe àfikún lásán.

Nínú sílíkọ́nì, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mú. Bí a bá gé e, ìdè á já, agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ṣẹ́ kù lẹ́nu ìdè náà á sì bọ́ sínú àlàfo tí a ní ó ṣófo. Igor Tamm ti fi ìṣirò hàn ní 1932 pé irú ipò bẹ́ẹ̀ lè wà.

Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù ojú kì í dúró bí a ṣe gé e. Wọn a tún ara wọn tò. Lójú tí à ń pè ní (100), ìdè méjì ló já lára átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á so pọ̀ ní méjì-méjì, ọ̀kan á yọrí sókè, èkejì á rì wálẹ̀, àlàfo á sì tún wà. Lójú (111), ìdè kan péré ló já. Bí a bá wá mú un gbóná níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ètò 7×7, tó fẹ̀ ní ìlọ́po méje ní ọ̀nà méjèèjì, á yọ: níbi tí ìdè 49 ìbá ti já, 19 ló kù. Binnig àti Rohrer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo átọ́ọ̀mù ojú rí i ní 1983, Takayanagi àti àwọn tirẹ̀ sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1985. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 19 kò ṣeé pín ní méjì-méjì, nítorí náà ojú yìí ń hùwà bí irin. Ojú tí ìdè rẹ̀ já jù ló padà ní àlàfo! Iye ìdè tó já nìkan kò lè ṣàlàyé èyí, ètò ni.

Ẹ wo kírísítálì mìíràn, gallium arsenide, pẹ̀lú. Bí a bá là á sí ojú (110) níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, àwọn átọ́ọ̀mù ojú rẹ̀ a sún kúrò ní ipò wọn, àlàfo a sì mọ́ tónítóní.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí lèyí, pé afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí irú ojú bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ìtàn kò gbè é. Ní 1945, ẹ̀rọ tí Shockley fọkàn sí ní Bell Labs, tí ó fẹ́ fi agbára iná láti òde darí ìṣàn iná nínú kírísítálì, kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Bardeen, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ló rí ìdí rẹ̀: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó há sójú kírísítálì ni kò jẹ́ kí agbára iná wọ inú. Nígbà tí Atalla àti Kahng fi ọ́sáìdì bo ojú sílíkọ́nì ni irú ẹ̀rọ náà tó ṣiṣẹ́, ní nǹkan bí 1960. Lábẹ́ ọ́sáìdì pàápàá, ìdẹkùn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lójú (111) pọ̀ ju ti (100) lọ, ó sì wà lára ìdí tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣe púpọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lórí (100).

Nítorí náà, ẹni tó bá wọn ìwà iná sílíkọ́nì, kó sọ ojú tí ó gé e sí fún wa, kó sì sọ bí ó ṣe tọ́jú ojú náà.