Ibi tí Ọkọ̀ Ń Sùn àti Ibi tí Ọkọ̀ Ti Ń Kàgbákò: Máápù Ewu ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, ti sọ owó ìdójútòfò third party, èyí tó ń san àdánù tí ọkọ̀ ẹni bá dá sílẹ̀ fún ẹlòmíì, di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Iye tí ará Ìsọlọ̀ ń san náà ni ará Ìsẹ́yìn ń san. Àwọn onímọ̀ tó fẹ́ kí a ṣe bíi ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àdúgbò tí èèyàn ń gbé ti ń dá sí iye tó máa san, ní èyí kò dára. Òótọ́ ni pé ewu kò dọ́gba. Ibi tí wọ́n fẹ́ kùn ní pupa lórí máápù ni wọ́n ti ṣìnà.

Ibi tí ọkọ̀ ń sùn ni wọ́n ń kùn. Ọkọ̀ tó sùn sínú ọgbà onígéètì ní Àjàó Estate kò rí jàǹbá lóru. Ìgbà tó bá dé Òṣòdì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, níbi tí Agege Motor Road ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ Apapa sí Oworonshoki: dánfó á dúró lójijì láti gbé èrò, ọkọ̀ ẹ̀yìn á sì gbá a nídìí. Ta ló ń gbára wọn níbẹ̀? Ará Agége, ará Mushin, ará Ìkòròdú. Bí a bá torí èyí fi kún owó àwọn tó ń gbé Òṣòdì, ẹ̀ṣẹ̀ àlejò la dì ru onílé.

Nọ́ńbà ọkọ̀ kò lè fi ibi tí jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀ hàn wá. Lẹ́tà LSD lára nọ́ńbà ń sọ pé Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, àmọ́ Ìbàdàn ni ọkọ̀ náà lè ti máa ná. Àtẹ jàǹbá tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń gbé jáde ńkọ́? Ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀ ni, Òṣòdì àti Ẹ̀pẹ́ wà lórí ìlà kan náà.

Bóyá omi nìkan ló dá àwọn onímọ̀ yẹn láre. Bí àgbàrá bá bo Ago Palace Way ní Ìsọlọ̀, ọkọ̀ tó ń sùn ládùúgbò ló ń mu ún. Ṣùgbọ́n third party kì í sanwó omi.

Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti rí i tipẹ́ pé àdúgbò kọ́ ló yẹ kó ṣáájú: òfin Proposition 103 ti ọdún 1988 fi ìwà awakọ̀, iye máìlì tó ń wà lọ́dún àti ọdún tó ti ń wakọ̀ ṣáájú àdúgbò.

Ẹ̀rí tí a pa tì wà nínú fáìlì àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò fúnra wọn. Fọ́ọ̀mù tí oníbàárà ń kún nígbà tó bá ń béèrè owó máa ń bi í léèrè ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Kí NAICOM gba ìdáhùn wọ̀nyẹn jọ, kí wọ́n fi ya máápù, kí wọ́n sì ka fífi àdírẹ́sì nìkan díwọ̀n owó léèwọ̀ ní gbogbo Èkó.