La Femme au couteau (1969)

La Femme au couteau, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ obìnrin tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ni fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun tí Timité Bassori ṣe ní Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Òun fúnra rẹ̀ ni ó darí rẹ̀, òun náà ni ó sì ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn.

Aboisso ni a bí Bassori sí ní ọdún 1933. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ òṣèré ní Párísì, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Les Griots sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, pẹ̀lú Toto Bissainthe àti Sarah Maldoror. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ sinimá ní IDHEC. Òun náà mọ ohun tí a ń pè ní àbọ̀-ìdálẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀mọ̀wé kan tí ó ti Yúróòpù dé ni ìtàn náà dá lé. Kò sí ohun tí ó wọ́n ọn. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ súnmọ́ obìnrin, ìran obìnrin kan tí ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ a yọ sí i, ara rẹ̀ a sì kú. Ṣé ọwọ́ ayé ni, tàbí àìsàn ọkàn? Ìwòsàn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, ìmọ̀ òyìnbó nípa ọkàn náà sì wà. Nígbẹ̀yìn, inú ilé tí a ti tọ́ ọ dàgbà ni a ti rí orísun ìran náà: ìyá rẹ̀ tí ó le koko, tí ẹ̀rù rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára láti kékeré.

Ibí yìí ni Bassori ti yà kúrò lọ́nà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú La Noire de... tí Ousmane Sembène ṣe ní 1966, ilẹ̀ Faransé ni ọmọ ọ̀dọ̀ ará Senegal ti pa ara rẹ̀. Àwọn ará Côte d'Ivoire tí ó ń gbé Párísì ni Désiré Ecaré náà fi hàn nínú Concerto pour un exil ní 1968. Òkè òkun ni ọgbẹ́ náà wà. Ó rọrùn láti ka fíìmù Bassori náà sí ìjà àṣà ìbílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀làjú, ṣùgbọ́n kíkà bẹ́ẹ̀ kò tó. Kí ọmọ náà tó wọ ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣe é léṣe. Ìgboyà ńlá ni láti sọ irú ọ̀rọ̀ ìyá bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ní àwùjọ tí a kì í tú àṣírí ilé sí ìgboro.

Abidjan inú fíìmù náà jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé àti ilé ìgbàlódé. Ní òdìkejì ọ̀sà sí Plateau ni Attécoubé wà, pẹ̀lú àwọn abúlé Ebrié bíi Locodjro àti Abobo-Doumé. Ọdún 1980 ni ó tó di kọ́múùnù. (Lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò, Abidjan yìí gan-an ni ìdálẹ̀ tí wọ́n ń ti ibẹ̀ dé.)

Ní 2019, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ó jáde, àjọ Film Foundation ti Martin Scorsese, pẹ̀lú FEPACI àti UNESCO, mú kí a tún fíìmù náà ṣe ní Bologna, ní Ítálì.