Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Kíndìnrín àti Dókítà Abúlé Kan

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, orí iná sípíríìtì la ti ń yẹ ìtọ̀ wò. A ó bu ìtọ̀ aláìsàn sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó nà án sí iná. Bí ó bá dì bí funfun ẹyin, ó di kí a fura sí kíndìnrín.

Richard Bright, dókítà ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, ló jẹ́ kí àyẹ̀wò yìí gbilẹ̀. Ṣíbí àti àbẹ́là lòun ń lò. Ní 1827 ó tẹ ìwé jáde pé àwọn tí ara wọn wú, tí ìtọ̀ wọn sì ń dì, kíndìnrín wọn ti bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n Frederick Akbar Mahomed ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rántí. Ọmọ ọmọ ará Íńdíà kan tó tẹ̀dó sí Brighton ni, Guy's yìí kan náà ló sì ti ṣiṣẹ́. Ó tún ẹ̀rọ kan ṣe tó ń ya lílù iṣan ọwọ́ sórí bébà, ó sì fi rí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru nígbà tí ìtọ̀ wọn ṣì mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè ṣáájú, kó tó wá kan kíndìnrín! “Kò sóhun tó ń ṣe mí, nọ́ọ̀sì”: ẹnu irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ jù. Ibà táífọ́ọ̀dù pa Mahomed ní 1884, lẹ́ni ọdún 35. Ó ń dùn mí pé díẹ̀ ló mọ orúkọ rẹ̀.

Riva-Rocci ará Ítálì ló ṣe rọ́bà tí a ń dì mọ́ apá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀, ní 1896. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìlú. Dókítà Julian Tudor Hart ló ṣe é ní Glyncorrwg, abúlé àwọn awakùsà èédú ní Wales. Láti 1968, kò dúró de àìsàn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ gbogbo àgbàlagbà tó wà láàárín ọdún 20 sí 64 ló fẹ́ wọn. Ìbáà jẹ́ ikọ́ lo bá wá, wàá na apá. Kílíníìkì abúlé ni, kì í ṣe ilé ìwòsàn ńlá.

Nílé níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinkugbe ti Ìbàdàn, ọmọ Oǹdó, kọ odindi ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín ọmọ Áfíríkà ní 1972.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ibùdó ìlera àdúgbò yín, ẹ má jẹ́ kó parí sí apá nìkan. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ yín lọ́dọọdún láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́.